Kí Ẹ Tó Sanwó Ṣọ́ǹtì ní Disney

Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Kárùn-ún ọdún 2025, àǹtí mi tó ń gbé ní Atlanta fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Àwọn àti àwọn ọmọ wọn ń lọ sí Disney World ní Orlando, èmi náà sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé wọn, torí wọ́n ní èmi ni mo mọ fóònù lò jù nínú ẹbí. Wọ́n ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan fún Magic Kingdom. Nǹkan kan péré ló kù tó ń dà wọ́n láàmú: "Wọ́n ní owó mìíràn tún wà téèyàn máa san kó má baà tò. Ṣé ká san án?"

Mo bi wọ́n pé èló ni. Wọ́n ní nǹkan bíi 30 dọ́là lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwa márùn-ún là ń lọ: àǹtí mi, èmi, ọmọkùnrin wọn tó jẹ́ ọmọ ọdún 14, ọmọbìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 8, àti àbíkẹ́yìn tó jẹ́ ọmọ ọdún 3. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 150 dọ́là. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni àǹtí mi ń ṣe, òru ni wọ́n sì ń ṣe é. 150 dọ́là ju owó tó ń wọlé fún wọn ní òru kan lọ. Ìyẹn ni pé wọ́n á jí láti alẹ́ di òwúrọ̀, wọ́n á máa yí arúgbó padà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á máa pààrọ̀ aṣọ fún un, gbogbo owó òru yẹn á sì lọ sórí pé a ò fẹ́ dúró.

Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì san nǹkan kan. Ẹ fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta."

Ohun tí mo rí nínú ọjọ́ mẹ́ta yẹn, àti ohun tójú wa rí nígbà tá a débẹ̀, ló jẹ́ kí n kọ èyí. Ọ̀pọ̀ nínú yín máa lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, yálà pẹ̀lú ọ̀rẹ́ nígbà ìsinmi tàbí pẹ̀lú àbúrò àti ọmọ ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde ilé ìwé, ẹ̀yin lẹ sì máa ń san owó náà. Èrò mi ni pé ọ̀pọ̀ ìdílé tó ń sanwó ṣọ́ǹtì yìí kò nílò rẹ̀. Ètò ni wọ́n nílò, ètò kò sì gba kọ́bọ̀.

Ọ̀fẹ́ ni nǹkan yìí tẹ́lẹ̀

Ẹnikẹ́ni tó bá ti débẹ̀ ṣáájú ọdún 2020 á rántí. Ní ọdún 1999 ni Disney bẹ̀rẹ̀ ohun tí wọ́n pè ní FastPass. Èèyàn á ki tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bọ ẹ̀rọ kékeré kan, ẹ̀rọ náà á pọ ìwé pélébé tó ní aago lára jáde. Onítọ̀hún á lọ jẹun tàbí kó lọ wo nǹkan mìíràn. Tí àsìkò bá tó, á padà wá, á sì gba ẹnu ọ̀nà tí ìlà rẹ̀ kúrú wọlé. Kò sí owó kankan lórí rẹ̀ ju owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ. Nígbà tó yá, wọ́n gbé e sórí fóònù ní Florida, wọ́n pè é ní FastPass+, ọ̀fẹ́ náà ni. Lẹ́yìn náà ni àrùn Kòrónà dé. Wọ́n ti àwọn ọgbà náà pa ní oṣù Kẹta ọdún 2020. Nígbà tí wọ́n tún ṣí wọn ní oṣù Keje, FastPass kò bá wọn padà wá.

Oṣù Kẹwàá ọdún 2021 ni arọ́pò rẹ̀ dé. Genie+ ni wọ́n pè é, 15 dọ́là sì ni lórí ẹnì kan lójúmọ́. Nígbà tó ṣe, iye náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè sódò bí èrò bá ṣe pọ̀ tó. Ní oṣù Keje ọdún 2024 wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Lightning Lane Multi Pass. Àwọn ẹ̀rọ ìṣeré táwọn èèyàn fẹ́ràn jù, irú bíi TRON àti Seven Dwarfs Mine Train, wọ́n ń ta ìyẹn lọ́tọ̀, ní ẹyọ ẹyọ. Kí ọdún yẹn tó parí, ti àwọn olówó gidi náà dé, Premier Pass, tó lè tó 449 dọ́là lórí ẹnì kan fún ọjọ́ kan ní Magic Kingdom. Ẹ rántí pé owó ìwọlé ṣì wà lọ́tọ̀ o, òun náà sì ti lé ní 180 dọ́là láwọn ọjọ́ tí èrò bá pọ̀ jù.

Mi ò bínú sí wọn pé wọ́n ń tajà. Ọjà ni wọ́n wá tà. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ rajà gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń rà.

Kí gan-an là ń rà?

Gbogbo wa tá a ti tò rí ní bánkì tàbí ní ilé epo nílé mọ ohun tó ń jẹ́ ṣọ́ǹtì. Ẹnì kan á kàn wọlé látẹ̀yìn, á bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ó di iwájú. Inú máa ń bí wa, torí a mọ̀ pé ìṣẹ́jú tó jèrè yẹn, lára tiwa ló ti bù ú.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká sọ pé ẹ̀rọ ìṣeré kan lè gbé 1,200 èèyàn ní wákàtí kan. Èèyàn 300 ló wà níwájú yín lórí ìlà. Tí gbogbo àyè bá jẹ́ ti ìlà kan ṣoṣo, ìṣẹ́jú 15 lẹ máa fi dúró. Àmọ́ tí wọ́n bá fi mẹ́rin nínú àyè márùn-ún sílẹ̀ fún àwọn tó sanwó, àyè 240 péré ló kù fún ìlà tiyín ní wákàtí kan. Èèyàn 300 yẹn kan náà ti wá di ìṣẹ́jú 75. Ẹ̀rọ náà kò yára sí i, wọn ò sì fi ìjókòó kankan kún un. Wọ́n kàn gba ìṣẹ́jú lọ́wọ́ àwọn kan, wọ́n tà á fún àwọn mìíràn ni.

Ibi tọ́rọ̀ náà ti dùn mí nìyẹn. Ìlà gígùn tó ń ba èèyàn lẹ́rù tó fi ń sáré lọ sanwó, owó tí àwọn mìíràn ti san ló jẹ́ kó gùn tó bẹ́ẹ̀. Bí àwọn tó ń sanwó bá sì ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìlà àwọn náà á máa gùn sí i. Tí gbogbo wa bá ra ṣọ́ǹtì, ẹnikẹ́ni ò ṣọ́ǹtì mọ́.

Ohun kan tún wà tí mi ò mọ̀ kí n tó wádìí. Àwọn tó bá sùn sí òtẹ́ẹ̀lì Disney fúnra wọn lè yan aago Multi Pass wọn ní ọjọ́ méje ṣáájú. Àwọn tó bá sùn sí òtẹ́ẹ̀lì pọ́ọ́kú níta bíi tiwa, ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ni tiwọn. Owó kan náà là ń san, àmọ́ nígbà tí ọwọ́ tiwa bá máa débẹ̀, àwọn kan ti fi ọjọ́ mẹ́rin ṣa èyí tó dára jù.

Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde

Mo ti ṣe àṣìṣe rí. Nígbà tí mo wà ní ọdún àkọ́kọ́ ní yunifásítì, èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi lọ sí ọgbà ìṣeré kan láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Aago mọ́kànlá la débẹ̀, torí a sùn pẹ́. Ohun mẹ́ta la gùn títí ilẹ̀ fi ṣú. A bú àwọn tó ni ọgbà náà títí, bẹ́ẹ̀ ẹ̀bi wa ni. Àwọn tó dé ní aago mẹ́jọ ti gùn mẹ́ta kí àwa tó fọ eyín.

Lọ́tẹ̀ yìí, ìbéèrè kan ni mo kọ́kọ́ bi àwọn ọmọ: tó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo lẹ máa gùn, èwo ni? Ọmọbìnrin náà kò rò ó rárá. Tiana ni. Ẹ mọ̀ pé Tiana ni ọmọ-ọba obìnrin aláwọ̀ dúdú tó wà nínú fíìmù Disney tó jáde ní ọdún 2009, àti pé ní oṣù Kẹfà ọdún 2024 ni wọ́n ṣí Tiana's Bayou Adventure sí ibi tí Splash Mountain wà tẹ́lẹ̀. Ọmọ náà ní Tiana lára báàgì ilé ìwé rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní TRON. Àbíkẹ́yìn ní òun fẹ́ àísíkiriímù.

Bí ètò wa ṣe rí nìyí. A yan ọjọ́rú ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Kẹfà, a ò yan òpin ọ̀sẹ̀. Aago méje ààbọ̀ àárọ̀ la ti wà níbi ìgbọ́kọ̀sí, torí Magic Kingdom kì í ṣe ibi téèyàn á kàn gbọ́kọ̀ sí tá á bọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Èèyàn á tún wọ ọkọ̀ ojú omi tàbí ọkọ̀ ojú irin orí afárá kó tó dé géètì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbàgbé èyí, ó sì ń jẹ ohun tó lé ní ìdajì wákàtí lọ́wọ́ wọn.

Mo tún ti kà á pé àwọn tó sùn sí òtẹ́ẹ̀lì Disney máa ń wọlé ní ìdajì wákàtí ṣáájú gbogbo èèyàn, àti pé apá Fantasyland àti Tomorrowland ni wọ́n máa ń ṣí fún wọn. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n já okùn sílẹ̀ fún àwa yòókù ní aago mẹ́sàn-án, a ò tẹ̀ lé èrò lọ síbẹ̀. Frontierland la gbà lọ, tààrà sọ́dọ̀ Tiana.

Àbíkẹ́yìn kò ga tó. 40 ínǹṣì ni wọ́n ń béèrè níbẹ̀. Àǹtí mi ti ń sọ pé kí àwa lọ, káwọn dúró tì í. Mo ní rárá, kí a béèrè Rider Switch. Ètò ọ̀fẹ́ ni. Tẹ́ ẹ bá ní ọmọ tí kò tíì lè gùn ún, àgbàlagbà kan á dúró tì í, àwọn yòókù á tò. Tí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀, ẹni tó dúró á gba ẹnu ọ̀nà àwọn tó sanwó wọlé, kò ní tún ìlà tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí àǹtí mi ṣe gba ọ̀nà àwọn olówó wọlé lọ gun Tiana nìyẹn, láìsan kọ́bọ̀. Wọ́n jáde pẹ̀lú omi lára, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Mi ò rí wọn kí wọ́n rẹ́rìn-ín báyẹn rí látìgbà tí mo ti dé Amẹ́ríkà.

Láti ibẹ̀ la ti gba Pirates of the Caribbean, ká tó lọ sí Haunted Mansion. Kí ó tó di aago mọ́kànlá, ohun mẹ́ta tó gbajúmọ̀ ti bọ́ sẹ́yìn wa, ìlà kò sì tíì pa wá lára. Nígbà tí oòrùn gbóná tán tí ìlà sì ń gùn, a jókòó síbi tó ní ibòji, a jẹ àkàrà àti búrẹ́dì tá a gbé wá. Wọ́n gbà kéèyàn gbé oúnjẹ wọlé, kó ṣáà má jẹ́ ìgò tàbí ọtí. Omi tútù pẹ̀lú yìnyín inú ife, ọ̀fẹ́ ni níbi tí wọ́n ti ń ta ohun mímu láti inú ẹ̀rọ. Béèyàn ò bá béèrè, wọn ò ní pariwo rẹ̀.

Ọ̀sán la fi wo àwọn ohun tí kò ní ìlà. PeopleMover máa ń yí èèyàn ká Tomorrowland pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Carousel of Progress jẹ́ eré tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún àfihàn àgbáyé ti New York ní ọdún 1964. Amúlétutù wà níbẹ̀, ìjókòó wà, àbíkẹ́yìn sì rí oorun sùn. Àwọn méjèèjì yìí kò ní ẹnu ọ̀nà olówó rárá. Ìlà kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń tò, ó sì ń lọ wéré. Mo fi han ọmọkùnrin náà, mo ní, "Ṣé o rí bí ìlà ṣe máa ń rí tí kò bá sẹ́ni tó ń ṣọ́ǹtì?"

Òjò ọ̀sán dé, bó ṣe máa ń rí ní Florida nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Èrò rọ́ lọ sílé. Àwa wọ ẹ̀wù òjò ráńpẹ́ tá a ti rà ní Atlanta, a dúró. Lẹ́yìn òjò, ibẹ̀ tutù, ibẹ̀ sì fẹjú. Ní alẹ́, nígbà tí gbogbo èèyàn kọjú sí ilé olódi tó wà láàárín ọgbà láti wo iná aláràbarà tí wọ́n ń yìn sójú ọ̀run, èmi àtàwọn ọmọ méjì àgbà wà ní Space Mountain.

Ohun tí a pàdánù

Tí mo bá parí ọ̀rọ̀ síbí, irọ́ ni mò ń pa fún yín. A ò gun TRON.

Nígbàkígbà tí mo bá wò ó lórí fóònù lọ́sàn-án, ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ síbẹ̀ ju ohun tí àbíkẹ́yìn lè fara dà lọ. Mo ní ká fi í ṣe àṣekágbá, torí mo mọ̀ pé ẹni tó bá ti wọ ìlà kí wọ́n tó tilẹ̀kùn, wọ́n á jẹ́ kó gùn ún. Ètò náà dára. Àmọ́ nígbà tá a jáde ní Space Mountain, àbíkẹ́yìn ti sùn lọ fọnfọn léjìká ìyá rẹ̀, ojú àwọn fúnra wọn sì ti pọ́n. Àwọn ló máa wa ọkọ̀. Ọmọkùnrin náà wo ẹnu ọ̀nà TRON, ó wo ìyá rẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ." Kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi dé òtẹ́ẹ̀lì.

Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí. Ká ní a ra ti TRON nìkan fún òun nìkan, ó máa gùn ún. Ká ní mo ti ronú dáadáa, mo lè tò pẹ̀lú rẹ̀ lọ́sàn-án nígbà tí àwọn yòókù ń sinmi. Àṣìṣe tèmi nìyẹn: mo béèrè ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan fẹ́, mo sì fi ti ẹnì kan sí ìparí. Tẹ́ ẹ bá máa ṣètò, ohun tẹ́nì kọ̀ọ̀kan fẹ́ jù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe. Gbogbo ìyókù, ẹ̀bùn ni.

Ta ló yẹ kó san án?

Mi ò sọ pé kẹ́nikẹ́ni má san án láé. Tí ẹ bá ti rìn láti Èkó dé Orlando, tó jẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo lẹ ní, tó sì bọ́ sí ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì, ó lè tọ́. Tí àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ ń dùn bá wà láàárín yín, ó lè tọ́. Tí owó náà kò bá sì ní dí nǹkan kan lọ́wọ́, owó yín ni. Ẹ má sì pe ẹni tó ń lo ètò DAS ní aṣọ́ǹtì. Ọ̀fẹ́ ni ètò yẹn, àwọn tí àìlera bíi autism kò jẹ́ kí wọ́n lè dúró pẹ́ lórí ìlà ni wọ́n ṣe é fún.

Ṣùgbọ́n àwa akẹ́kọ̀ọ́, tá a jẹ́ pé lẹ́sẹ̀ là ń lọ, tá ò ní ọmọ lẹ́yìn? Kí là ń san án fún? Expedition Everest ní Animal Kingdom àti Millennium Falcon: Smugglers Run ní Hollywood Studios ní ìlà àwọn tó fẹ́ dá gùn ún. Ẹ kò ní jókòó pa pọ̀, àmọ́ ìlà náà sábà máa ń kúrú gan-an. Ẹ pàdé nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ fi ara yín ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìlà náà, ara ìrìn àjò ni

Nílé, ẹni tó mọ ọ̀gá ló ń ṣọ́ǹtì. Ní Orlando, ẹni tó lówó ni. A máa ń sọ pé ohun tá a sá fún nílé nìyẹn, ìyẹn ayé ẹni-mọ-ẹni. Tá a bá wá dé òkè òkun, tá a sì rí i pé wọ́n ti lẹ iye owó mọ́ ọn, ṣé ó ti wá di ọ̀làjú nìyẹn? Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Ṣọ́ǹtì ni ṣọ́ǹtì ń jẹ́.

Lórí ìlà Pirates, ọmọbìnrin náà bi ìyá rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣeré nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé ní Òṣogbo. Àǹtí mi sọ fún un nípa eré òṣùpá, àti bí wọ́n ṣe máa ń fi taya ògbólógbòó ṣe ọkọ̀. Ọmọ náà kò gbọ́ ìtàn yẹn rí. Ìyá tó ń ṣiṣẹ́ lóru tó ń sùn lọ́sàn-án, ìgbà wo ló fẹ́ ráyè sọ ọ́? Nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 la fi dúró níbẹ̀. Mi ò rántí ohun tí mo rí nínú ọkọ̀ Pirates náà mọ́, àmọ́ mo rántí ìlà yẹn.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí à ń padà sí Atlanta, àǹtí mi ní kí n bá àwọn ka owó tó ṣẹ́ kù. 150 dọ́là yẹn wà níbẹ̀ ní pípé. Wọ́n ní, "Ó dáa, mi ò ní lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀. Màá sùn."

Ọmọkùnrin náà gbójú sókè látẹ̀yìn ọkọ̀, ó ní, "Ẹ sùn dáadáa, Mọ́mì. Ṣùgbọ́n tá a bá tún lọ, TRON la kọ́kọ́ ń gbà lọ o."

Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀.